Inú àpótí wo ni Igbó Olókun máa wọ̀?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn. Ojú ìwé tí ẹ máa ń kó ìròyìn, àṣà, sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ọnà pọ̀ sí ni mo kọ́kọ́ máa ń ṣí, kí n tó padà sọ́dọ̀ àwọn òṣèlú. Tiwọn kò ní sá lọ. Ìjà tí wọ́n jà lóṣù tó kọjá náà ni wọ́n ṣì ń jà.

Ẹjọ́ ni mo wá rò. Bí mo bá ka àpótí tí ẹ kọ “Sáyẹ́ǹsì” sí lórí, Amẹ́ríkà ni, tàbí Ṣáínà, tàbí ojú ọ̀run. Tí mo bá bọ́ sínú àpótí “Àṣà”, ibẹ̀ ni mo ti máa ń bá àwa: egúngún, oríkì, ọbẹ̀ ìyá àgbà. Àfi bí ẹni pé àwọn kan ló ń ronú, tí àwa ń jó. N kò bínú ijó o, èmi náà mọ̀ ọ́n jó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé nípa Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí àwọn baba ńlá wa ti ń yọ́ gíláàsì ṣe ìlẹ̀kẹ̀, inú àpótí wo ni ẹ máa fi sí?

Ìlẹ̀kẹ̀ ni mò ń sín jẹun, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Kò sí oníbàárà tí kì í bi mí pé, “Ìyá, ṣé ti òyìnbó ni?” Àwọn tó kàwé gan-an ló sì máa ń sọ pé gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ oní-gíláàsì àtijọ́, orí omi ló gbà dé tàbí inú aṣálẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn kan gba ibẹ̀ dé. Àmọ́ ní 2011 sí 2012, awalẹ̀pìtàn ọmọ wa kan, Abidemi Babatunde Babalola, walẹ̀ ní Igbó Olókun, ìlẹ̀kẹ̀ tó bá níbẹ̀ lé ní 12,000. Kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ nìkan. Àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀kán gíláàsì tó dànù nídìí iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n yẹ gíláàsì náà wò, àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní calcium àti aluminium pọ̀ nínú rẹ̀ lọ́nà tí kò bá ti gíláàsì Yúróòpù tàbí ti ilẹ̀ Lárúbáwá mu. Ohun tí ilẹ̀ agbègbè Ifẹ̀ ní ni wọ́n fi ṣe é, láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1500. Iṣẹ́ náà ti délẹ̀ tipẹ́ kí ọkọ̀ Pọtogí tó yọ sí etí òkun wa. Wọ́n sì ti rí irú gíláàsì náà ní Gao, lọ́hùn-ún ní Mali. Àwọn Ifẹ̀ ń tà á síta nìyẹn.

Ní 1910, Leo Frobenius ará Jámánì ti walẹ̀ ní igbó kan náà. Ó rí ìkòkò, ó rí ìlẹ̀kẹ̀, ó rí ère orí Olókun tí wọ́n fi idẹ ṣe, tí ìjọba amúnisìn padà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló wá kọ? Ó ní iṣẹ́ àwọn ará Atlantis ni, ìlú inú ìtàn àwọn Gíríìkì tí òkun gbé mì! Ó yá a lára láti gbà pé ìlú tí ẹnikẹ́ni kò rí rí ló ṣe é, ju pé kó gbà pé àwọn baba ńlá ẹni tó ń bá a walẹ̀ ló ṣe é.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ẹni tó mọ bí iná ṣe ń yọ́ yanrìn di gíláàsì, onísáyẹ́ǹsì ni. Olókun, òrìṣà ọrọ̀, ló sì ni igbó tó ti ń yọ́ ọ, àṣà nìyẹn. Adé ọba ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, iṣẹ́ ọnà nìyẹn. Èyí tó jẹ́ ìròyìn òní ni pé ilé ti jẹ púpọ̀ nínú igbó náà, bẹ́ẹ̀ a kò mọ ohun tó ṣì wà lábẹ́ ìpìlẹ̀ àwọn ilé ọ̀hún.

Irú rẹ̀ tún wà. Ní 1965, Thurstan Shaw, awalẹ̀pìtàn ará Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ hú egungun ènìyàn ní Ihò Ẹléérú, lẹ́bàá Ìsàrun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, èyí tó ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún 13. Ní 2011, àwọn onímọ̀ tún agbárí náà yẹ̀ wò, wọ́n ní ó jọ ti àwọn ènìyàn tó ti gbé ayé tipẹ́tipẹ́ ṣáájú rẹ̀. Ọmọ Àkúrẹ́ mélòó ló gbọ́?

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ tú àwọn àpótí yẹn ká. Ẹ rán akọ̀ròyìn lọ sí Ifẹ̀, kó bá awalẹ̀pìtàn sọ̀rọ̀, kó bá àwọn abọ́rẹ̀ Olókun sọ̀rọ̀, kó sì kan ilẹ̀kùn onílé tó kọ́lé síbẹ̀, kó kọ ọ́ ní Yorùbá látilẹ̀, kì í ṣe kó tú u láti inú ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá ń bọ̀, kó yà lọ́dọ̀ mi, màá fi ìlẹ̀kẹ̀ sẹ̀gi gidi àti ayédèrú hàn án. Kó ṣáà má wá lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ náà ni àwọn ìyàwó máa ń wá gba ìlẹ̀kẹ̀ wọn.

Èmi ni tiyín,
Asínlẹ̀kẹ̀, Ìbàdàn