Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Kápù Tí Kò Bá Ìbọn Mi Mu àti Ìlérí Tí Ẹ Kò Mú Ṣẹ

Ìgbóọrà,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́,
Ìbàdàn.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbà kẹrin rèé tí mò ń kọ̀wé sí yín lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: kápù tí ẹ tà fún mi, ife bàbà kékeré tí òòlù ìbọn ṣakabùlà ń lù kí iná lè ran ẹ̀tù, kò bá ìbọn mi mu. Ẹ kò sì tíì fèsì ẹyọ kan. Rìsíìtì mi wà lọ́wọ́ yín. Fọ́tò ìwé àṣẹ ìbọn mi wà lórí kọ̀ǹpútà yín, ojú mi ni ọmọbìnrin tó jókòó síwájú ṣe yà á. Nítorí náà, n kò ní máa ka iye agolo àti iye owó fún yín. Ohun tó ń dùn mí ti kọjá owó kápù.

Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ gbé kápù nọ́ńbà 11 fún mi, èyí tó tóbi ju nọ́ńbà 10 tí mo béèrè lọ, n kò bínú. Kò sẹ́ni tí kì í ṣe àṣìṣe. Mo wọ mọ́tò láti Ìgbóọrà wá sí Ìbàdàn pé kí ẹ bá mi pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó ń bójú tó o kò sí níjòókòó, kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé. Mo padà wá lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ní ó ti lọ sí Èkó. Wọ́n tún ní kí n lọ wọn orí irin kékeré tí kápù ń jókòó lé lára ìbọn náà, kí n mú ìwọ̀n rẹ̀ wá. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, a wọ̀n ọ́n, mo kọ ọ́ sórí ìwé, mo sì mú un wá. Ọmọbìnrin yín fi ìwé náà sábẹ́ ife tíì rẹ̀. Bóyá ibẹ̀ ló wà títí di òní.

Ṣakabùlà tí mò ń sọ yìí, bàbá bàbá mi ló ni ín kó tó kan bàbá mi. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá, àmì tí wọ́n lù mọ́ ọn ní Birmingham ṣì hàn lára irin rẹ̀. Orí irin tí kápù ń jókòó lé yẹn, alágbẹ̀dẹ ti pààrọ̀ rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ṣe é. Ìdí nìyí tí kì í fi í ṣe gbogbo kápù ló lè gbà. Èyí tó bá tóbi jù á jábọ́ bí èèyàn bá gbé òòlù ìbọn sókè. Èyí tó bá fún jù, bí òòlù bá kọ́kọ́ lù ú, ṣe ló kàn máa tì í wọlé, ó di ẹ̀ẹ̀kejì kó tó dún. Ẹran kì í sì í dúró de ẹ̀ẹ̀kejì. Gbogbo èyí ni mo ṣàlàyé fún yín lórí káńtà kí ẹ tó gbowó lọ́wọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n wá dórí ọmọkùnrin tó gbé fóònù yín. Ẹ̀rọ yín ló sọ fún mi pé ẹ ń gba ohùn sílẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ lọ gbọ́ ọ. Mo ní kápù náà ń jábọ́. Ó ní, "Bàbá, kápù náà ni kápù. Tó bá ń jábọ́, ẹ fi eyín tẹ̀ ẹ́ kó lè fún." Kí n fi eyín tẹ̀ ẹ́! Ohun tó wà nínú ife bàbà kékeré yẹn, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ló ń jẹ́ kó bú. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mí, ẹni tí ẹ fi síbẹ̀ láti dá èèyàn lóhùn ló ní kí n gbé e sẹ́nu kí n gé e jẹ. Nígbà tí mo ní kó fún mi ní ọ̀gá rẹ̀, ó bi mí pé ta ló tún ń lo irú ìbọn bẹ́ẹ̀ láyé ìsinsìnyí. Òfin ìbọn ti ọdún 1959 dárúkọ ìbọn oníkápù sọ́tọ̀ lára àwọn ṣakabùlà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta kápù, ṣé ó wá yẹ kó ṣàjèjì sí yín?

Kò tíì pa fóònù náà tó fi yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀, tó ní, "Bàbá ọ̀dẹ̀ yẹn náà ni." Ọmọ Yorùbá ni mí. Mo mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọdẹ àti ọ̀dẹ̀. Ẹ gbọ́ ohùn tó fi pè é.

Lẹ́yìn èyí lẹ fi agolo mìíràn ránṣẹ́, ẹ lẹ ìwé 10 mọ́ ọn. Èékánná mi ló ṣèèṣì kan ẹ̀gbẹ́ ìwé náà tó fi ṣí. 11 ló wà lábẹ́ rẹ̀. Àkọ́kọ́ yẹn ni mo pè ní àṣìṣe. Ẹ bá mi wá orúkọ tí mo máa pe èyí.

Mo wá bá obìnrin tó ní òun ni máníjà sọ̀rọ̀. Mo sọ fún un pé bàbá mi ti kú, pé ìsípà rẹ̀, ètò ìkẹyìn tí àwọn ọdẹ ń ṣe fún ọdẹ tó kú, máa wáyé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àti pé ìbọn rẹ̀ gan-an ló yẹ kí n yìn. Ó kí mi kú ará fẹ́ra kù, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, òun fúnra òun á pè mí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, awakọ̀ yín á sì gbé kápù náà dé ẹnu ọ̀nà mi. Mo gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, n kò lọ sóko, mo jókòó ti fóònù títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, mo pè yín lẹ́ẹ̀méje.

Nígbà tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, a wà ní oríta, àwọn ọdẹ ti sun ìrèmọ̀jé débi tí omi fi ń bọ́ lójú àwọn àgbà. Wọ́n yìnbọn tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá kàn mí. Mo ki ẹ̀tù, mo fi kápù yín lé e, mo gbé òòlù sókè, kápù náà jábọ́ sínú koríko. Mo fi òmíràn sí i. Mo rọra dì í mú, mo fà á, òòlù dún "kọ́", kò sí nǹkan mìíràn. Ẹ̀ẹ̀kẹta náà, bákan náà ni. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Àbúrò mi ló na ìbọn tirẹ̀ sí mi, òun ni mo fi sin bàbá mi. Ìbọn tí bàbá mi fi ṣọdẹ títí ó fi dàgbà, kò dún lọ́jọ́ tí à ń sin ín. Ẹ kò lè san owó ìyẹn padà fún mi.

Èyí tí ẹ lè san, mo fẹ́ ẹ. Ẹ dá gbogbo owó mi padà, ẹ fi owó ọkọ̀ ìgbà mẹ́ta tí mo wá sí Ìbàdàn lórí ọ̀rọ̀ yìí kún un, ẹ sì rán ẹni tó ní àṣẹ wá kó agolo yín kúrò nílé mi, torí àwọn ọmọ ọmọ mi ń ṣeré níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí obìnrin tó ṣèlérí fún mi àti ọmọkùnrin tó pè mí ní ọ̀dẹ̀ pè mí lórí fóònù, kí wọ́n tọrọ gáfárà lọ́wọ́ mi.

Mo fún yín ní ọjọ́ mẹ́rìnlá. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2018 láti dáàbò bo oníbàárà ní kí ẹni tó bá sọ ohun tó fẹ́ fi ọjà ṣe, tí ọjà náà kò sì bá a mu, dá a padà kó gba owó rẹ̀ pé. Bí ọjọ́ náà bá pé tí n kò gbúròó yín, mo máa gbé rìsíìtì mi àti agolo oníwèé méjì yẹn lọ bá FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà. Mo sì máa gbé agolo kan náà lọ sí ìpàdé àwọn ọdẹ Ìbàràpá, kí oníkálukú fi èékánná tirẹ̀ ṣí ìwé náà.

Èmi ni,
Ọmọ ọlọ́dẹ tí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín.