Ìwé ẹ̀bẹ̀ ẹgbẹ́ jórinjórin àti aṣẹ̀rọ sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀, lórí ṣọ́ọ̀bù wa tí wọ́n wó

Ọlọ́lá jùlọ, Alága wa,

A kí yín kú iṣẹ́ ìlú, ẹ̀yin àti gbogbo ìgbìmọ̀ yín. Àwa ẹgbẹ́ jórinjórin, tọ́nà tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, àti aṣẹ̀rọ ló ń kọ ìwé yìí, àwa tí gbogbo agbègbè yìí ń ti ọwọ́ wa jẹun. Kò sí gàrí, ẹlùbọ́ tàbí epo pupa kan tó ń jáde níhìn-ín tí ẹ̀rọ wa kò kàn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, katakata ìjọba ìbílẹ̀ wọ ọgbà wa, ó sì wó ṣọ́ọ̀bù wa lulẹ̀. Wọ́n ní gbọ̀ngàn ìmọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé ni wọn yóò kọ́ síbẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ lè máa hùmọ̀ nǹkan tuntun. Ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ kan wà nílẹ̀ tí àwọn ìyá onígàrí ti san ìdajì owó rẹ̀. Bẹ́líìtì nìkan ló kù. Katakata gùn ún mọ́lẹ̀ tòun ti páànù tí ọmọṣẹ́ fi ìṣó dá ihò sí lára lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìyá náà ti ń béèrè owó wọn. Kí ni kí a sọ fún wọn, Alága?

Ẹ má bínú, ta ni ń hùmọ̀ bí kì í bá ṣe àwa? Àwa la fi jáàkì tírélà rọ́pò òkúta tí wọ́n ń gbé lé àpò gàrí. Òfin Startup tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí lọ́dún 2022 ya bílíọ̀nù 10 náírà, ó kéré tán, sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún àwọn ilé-iṣẹ́ onímọ̀ tuntun. Ó dára. Ṣùgbọ́n kọ́ńpìnnì tí kò tíì ju ọdún 10 lọ ni òfin náà ń wá. Ṣọ́ọ̀bù tí baba fi sílẹ̀ fún ọmọ kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin la wá gbójú lé, ọ̀dọ̀ yín náà ni katakata sì ti wá.

A bẹ̀ yín, ẹ fún wa ní ààyè nínú ọgbà gbọ̀ngàn náà, kí ọmọ tó ń ya àwòrán ẹ̀rọ lórí kọ̀ǹpútà lè rí ẹni tí yóò bá a jó irin rẹ̀ pọ̀. Ẹ san owó ẹ̀rọ tó bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ iná àti tíkẹ́ẹ̀tì tó ń gorí ara wọn, a ó mú un wá lọ́jọ́ mìíràn.

A ti ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ṣe sùúrù títí di ìpàdé wa tó ń bọ̀. Bí èsì kò bá dé kó tó dìgbà náà, apá wa lè má ká wọn mọ́. Bí jórinjórin gbogbo ìlú bá sì ti ṣọ́ọ̀bù, kò ní pẹ́ tí ọjà yóò fi mọ̀.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Alága àti Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́.
Ẹ̀dà: Kábíyèsí, Ìyálọ́jà.