Ilé nìkan ò tó: ẹni tó mọ̀ ọ́n ní wáàdì ni kó bá a délé

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àìsinmi. Lẹ́tà tí ẹnì kan kọ sí yín nípa àwọn tó ti pẹ́ nílé ìwòsàn ọpọlọ ni mo fẹ́ fèsì sí. Ẹni náà ní kí wọ́n má dá wọn sílẹ̀ rárá, pé títì ni gbogbo wọn máa bọ́ sí tí wọ́n bá ti jáde. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an, àmọ́ mi ò bá a bínú torí ohun tójú ẹ̀ rí ló sọ, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni ò rí. Bí wọ́n ṣe ń kó wọn jáde ló ń gbé wọn dé títì.

Àbúrò mi ọkùnrin wà lára àwọn tí wọ́n ń sọ pé ọ̀rọ̀ wọn le. Ó máa ń gbọ́ ohùn, ó ní ìtọ̀ ṣúgà, ìgbà kan sì wà tó ń mutí kí ohùn yẹn lè jẹ́ kó sinmi. Ọ̀pọ̀ ọdún ló lò ní wáàdì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa dá a sílẹ̀, bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń wá fún ẹlòmíì, wọ́n kó oògùn sínú ọ̀rá fún un, wọ́n fún un níwèé ọjọ́ tó máa rí dókítà, wọ́n júwe yàrá kan fún un, ó parí. Dókítà tó fẹ́ lọ rí yẹn ò mọ̀ ọ́n rí. Nọ́ọ̀sì tó mọ̀ pé tó bá ti ń fi aṣọ bo fèrèsé, ara ẹ̀ ò fẹ́ yá nìyẹn, wáàdì ló kù sí, iṣẹ́ tiẹ̀ parí sí ẹnu géètì. Kò pẹ́ rárá tó fi padà síbi tó ti wá, ọlọ́pàá ló sì gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú mi rí, torí ẹni tí ò bá nírú ẹ̀ nílé lè má mọ̀. Ẹni tó ti pẹ́ ní wáàdì, ẹlòmíì ló ń ṣílẹ̀kùn fún un lọ́jọ́ gbogbo. Àbúrò mi dé ẹnu yàrá ẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lápò ẹ̀, ó dúró, ó ń wo ilẹ̀kùn, ó ń retí kí wọ́n wá ṣí i. Mo ní ìwọ lo ni kọ́kọ́rọ́ o, ó ní "ṣé mo lè ṣí i?" Ní wáàdì, wọ́n á pè é jẹun, wọ́n á pè é wá gboògùn, iná tó máa sùn gan-an ẹlòmíì ló ń pa á. Ẹ wá ní kírú ẹni bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá gbé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kó máa san rẹ́ǹtì, kó rántí pa gáàsì, kó mọ bó ṣe máa dá aládùúgbò tó ń gbá ògiri lóhùn, kó sì tún dá oògùn ara ẹ̀ lò láìsí ẹni tó ń wò ó.

Oògùn yẹn gan-an ọ̀rọ̀ ńlá ni. Clozapine ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀, oògùn tí wọ́n máa ń lò nígbà tí àwọn tó kù ò bá ṣiṣẹ́. Wọ́n ní láti máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò déédéé, tó bá sì ju wákàtí 48 lọ tí kò lò ó, kò gbọdọ̀ kàn padà sórí iye tó ń lò tẹ́lẹ̀, wọ́n ní láti tún un bẹ̀rẹ̀ látorí kékeré ni. Sìgá tún wà ńbẹ̀. Wọn ò gbà kó mu sìgá ní wáàdì, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti díwọ̀n oògùn fún un, ó délé ó bẹ̀rẹ̀ sìgá, sìgá sì máa ń jẹ́ kí oògùn yẹn tètè dín kù lára. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún wa nígbà àkọ́kọ́ yẹn! Àwa rò pé ó kàn ń ya olóríkunkun ni.

Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ṣe é bó ṣe yẹ. Nọ́ọ̀sì tó mọ̀ ọ́n bá a lọ wo ilé náà nígbà tó ṣì wà ní wáàdì. Ó lọ sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan ó padà, wọ́n bi í ohun tó bà á lẹ́rù, ó ní ẹ̀rọ omi tó ń dún lóru ni, wọ́n bá a wá nǹkan ṣe sí i, ó tún lọ, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ọjọ́ tó fúnra ẹ̀ sọ pé òun ò padà mọ́. Nọ́ọ̀sì yẹn ò fi í sílẹ̀ o, ó ń wá lemọ́lemọ́ níbẹ̀rẹ̀, ó wá ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ bí àwọn tí wọ́n fa ọ̀rọ̀ ẹ̀ lé lọ́wọ́ níta ṣe ń mọ̀ ọ́n.

Èyí kì í ṣe àrà tuntun. New York ni wọ́n ti gbé irú ẹ̀ kalẹ̀, wọ́n ń pè é ní Critical Time Intervention, oṣù 9 ni, wọ́n pín in sí ìpele 3, òṣìṣẹ́ kan náà ló ń bá aláìsàn bọ̀ látinú ilé ìwòsàn, ó sì ń yọwọ́ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n dán an wò fáwọn tó ń jáde nílé ìwòsàn, àwọn tó di aláìnílé nínú wọn sì kéré sí ti àwọn tí wọn ò ṣe é fún. Ó yẹ bẹ́ẹ̀ náà, torí àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí èèyàn jáde ni ewu kó gbẹ̀mí ara ẹ̀ ga jù, ìwádìí láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ló ti sọ bẹ́ẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an la wá ń fi wọ́n sílẹ̀ fún ara wọn.

Ohun tó ń ba ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn lẹ́rù ti ṣẹlẹ̀ rí lóòótọ́. Ní 1955, àwọn tó wà nílé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba ní Amẹ́ríkà lé ní 550,000. Ní 1963 Ààrẹ Kennedy fọwọ́ sí òfin pé kí wọ́n kọ́ ibùdó ìtọ́jú sáàárín ìlú, 1,500 ni wọ́n gbèrò, kò ju nǹkan bí ìdajì lọ tí wọ́n rí kọ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń pa àwọn bẹ́ẹ̀dì rẹ́ lọ ní tiwọn. Owó ò bá aláìsàn jáde.

Àmọ́ ẹ wo London. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ilé ìwòsàn Friern àti Claybury pa, àwọn olùwádìí tí Julian Leff darí tẹ̀ lé èèyàn tó lé ní 600 tó ti pẹ́ ńbẹ̀, ọdún 5 ni wọ́n fi wò wọ́n. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló di aláìnílé, ọ̀pọ̀ jù lọ ló ní àwọn ò fẹ́ padà sí wáàdì mọ́. Wọ́n ti wá ilé sílẹ̀ kó tó di pé wọ́n kó wọn jáde ni, púpọ̀ nínú ẹ̀ jẹ́ ilé kéékèèké tí òṣìṣẹ́ wà tọ̀sán-tòru, owó wáàdì sì tẹ̀ lé wọn lọ. Kódà àwọn tí wọ́n ní kò síbi tó lè gbà wọ́n, wọ́n kọ́kọ́ fi wọ́n síbi tí òṣìṣẹ́ pọ̀ gan-an, nígbà tó yá àwọn kan nínú wọn náà bọ́ sílé bí àwọn tó kù.

Àwọn kan á ní kó kọ́kọ́ jáwọ́ nínú ọtí, kó kọ́kọ́ máa lo oògùn dáadáa, ká tó fún un nílé. Mi ò fara mọ́ ọn. Sam Tsemberis bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní New York ní 1992 tó ń fún àwọn aláìsàn ọpọlọ tí ò nílé ní ilé ná, ìtọ́jú á wá máa tẹ̀ lé e. Nígbà tí Kánádà dán irú ẹ̀ wò ní ìlú 5 pẹ̀lú èèyàn tó lé ní 2,000, nínú oṣù 6 tó kẹ́yìn ìwádìí náà, 62 nínú 100 àwọn tí wọ́n fún nílé báyìí ló nílé tí wọ́n ń gbé ní gbogbo àsìkò yẹn, nígbà tó jẹ́ 31 péré lára àwọn tó ń gba ìtọ́jú tó wà tẹ́lẹ̀. Mi ò sọ pé kí gbogbo èèyàn máa dá gbé o. Ẹlòmíì nílò ilé tí ẹnì kan á wà lójúfò lóru, ẹlòmíì ò sì lè bá èèyàn pín kíṣìnnì láéláé, ẹ bi wọ́n, wọ́n á sọ fún yín.

Ọ̀rọ̀ lanlọ́ọ̀dù ló kù. Gbogbo ìgbà la máa ń bú wọn pé wọn ò fẹ́ gba àwọn èèyàn wa sílé, àmọ́ èyí tó gba àbúrò mi ò béèrè nǹkan méjì, ó ní kí wọ́n fún òun ní nọ́ńbà tóun lè pè lóru tí ẹnì kan á gbé e. Wọ́n fún un. Ó ti pè é rí, wọ́n sì gbé e, wọ́n wá lóru ọjọ́ náà, àbúrò mi ò pàdánù yàrá ẹ̀. Torí náà ẹ̀yin ẹbí tó ń ka ìwé ìròyìn yìí, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé pé wọ́n lè dá èèyàn yín sílẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó máa wá wò ó lọ́jọ́ kẹta síbẹ̀, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà tó ń lọ lóru. Tí wọn ò bá rí i kọ, ẹ má fọwọ́ sí i.

Èmi ni tiyín,
Ẹ̀gbọ́n aláìsàn kan