Ìyá Ìbejì, nípa ẹsẹ̀ Kẹ́hìndé

Ìbàdàn

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

O kú ìtọ́jú àwọn ọmọ o. Bàbá wọn ńkọ́? Ṣé o ti ń rí oorun sùn báyìí?

Mo ka ohun tí o kọ sí mi, mo sì tún un kà. O ní dókítà sọ pé ẹsẹ̀ Kẹ́hìndé le ju bó ṣe yẹ lọ, pé ó lè jẹ́ cerebral palsy, ìyẹn àìsàn tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè darí ara rẹ̀ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n pé ó kù díẹ̀ kí àwọn tó lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀. O wá bi mí pé báwo ni ọmọ méjì ṣe máa jọ jáde nínú ìyá kan lọ́jọ́ kan náà, kí èyí máa yí gbirigbiri, kí èkejì máa na ẹsẹ̀ gan-an. Ohun tí mo ti mọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti pe orúkọ àìsàn yìí mọ́ Àkànní ọmọ mi ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Kì í ṣe àrùn ẹsẹ̀ o. Kò sí nǹkan tó ṣe iṣan tàbí egungun Kẹ́hìndé nígbà tí o bí i. Inú ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn ihò kan wà láàárín ọpọlọ tí omi wà nínú wọn. Lára ọmọ tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ 28 oyún, bíi tàwọn ìbejì rẹ, òpó ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ihò yẹn tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀, ó sì tètè ń bẹ́. Bí èémí ọmọ bá ń dá dúró, bí ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sórí bá dín kù, tàbí bí kòkòrò àrùn bá wọlé, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń gbọgbẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn fọ́nrán tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀ gbà kọjá. Ti ọwọ́ jìnnà síbẹ̀ díẹ̀, ti ojú àti ẹnu tún jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ fi sábà ń le lára àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé, tí ọwọ́ wọn á sì máa mú nǹkan dáadáa. Ìbejì ni wọ́n lóòótọ́, àmọ́ olúkúlùkù ló ní ẹ̀jẹ̀ àti èémí tirẹ̀.

Mo mọ̀ pé wọ́n á ti máa pè ọ́ láti ilé pé ọ̀rọ̀ yìí kò ṣojú lásán, tàbí pé o ṣiṣẹ́ jù nígbà tí o lóyún. Jọ̀wọ́, má gbà á sọ́kàn. Ní Lọ́ńdọ̀nù tí o wà yẹn ni dókítà kan, William John Little, ti ṣàlàyé ní 1861 pé líle ara àwọn ọmọ kan tan mọ́ ìbí tó nira àti oṣù tí kò pé. Nígbà tó di 1897, dókítà mìíràn, Sigmund Freud, ní òmíràn ti wà láti inú oyún kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí nínú ọpọlọ ọmọ, kì í ṣe nínú ìwà ìyá rẹ̀. Èmi àti bàbá Àkànní ń gbàdúrà, a sì ń lọ sí physio, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ bí á ṣe máa lo ara rẹ̀.

Nílé níbí, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí à ń bá pàdé ní yàrá physio, oṣù wọn pé. Òmíràn kò tètè ké nígbà tí wọ́n bí i. Òmíràn, ibà pọ́njú (jaundice) ló wọ̀ ọ́ lọ́pọlọ nígbà tí wọ́n ń gbé e sóòrùn, tí wọ́n ń fún un ní omi glúkósì, dípò kí wọ́n gbé e lọ síbi iná aláwọ̀ búlúù ní ọsibítù. Ó máa ń dùn mí wọra, torí pé ó ṣeé dènà. Àbúrò rẹ tó lóyún yẹn, bá mi sọ fún un kó má fi kàfúrà sáàárín aṣọ ọmọ. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò gbà á, òórùn rẹ̀ lásán lè mú kí ibà pọ́njú kọlù wọ́n gidigidi.

Ọgbẹ́ tó wà nínú ọpọlọ Kẹ́hìndé kò ní máa gbilẹ̀ sí i. Ara rẹ̀ ló máa dàgbà, bí iṣan tó le kò bá sì bá egungun dàgbà, á máa súnkì, á sì lè fa egungun ìbàdí kúrò láyè rẹ̀. Nítorí náà, má dúró de ìgbà tí wọ́n máa pe orúkọ àìsàn náà. Sọ fún wọn pé o fẹ́ physio báyìí. Ọpọlọ ọmọ kékeré ṣì ń kọ́ ọ̀nà tuntun, eré tí ọmọ fúnra rẹ̀ bá ṣe ló sì ń kọ́ ọ jù: kó dojú bolẹ̀ kó gbórí sókè, kó nawọ́ sí ohun tó fẹ́, kó fi ẹsẹ̀ tì ọ́. Bí Màmá bá dé láti wá wẹ àwọn ọmọ, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fi agbára na ẹsẹ̀ Kẹ́hìndé bí wọ́n ṣe ń na tiwa. Ṣùgbọ́n kí wọ́n pọ̀n ọ́n dáadáa! Physio wa fẹ́ràn bí ẹsẹ̀ Àkànní ṣe ń yà sọ́tùn-ún sósì lẹ́yìn mi.

Má fi oṣù mẹ́jọ wọn wọ̀n wọ́n. Yọ oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi yára dé kúrò, oṣù márùn-ún ni wọ́n. Bí Kẹ́hìndé kò bá dá jókòó nígbà tó bá pé oṣù 8 nínú ìṣirò yìí, tí kò bá rìn ní oṣù 18, tètè sọ. Bó bá sì ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo mú nǹkan kó tó pé ọdún kan, má gbà fún ẹni tó bá ní ọlọ́wọ́ òsì ni. Ọmọ kì í tíì yan ọwọ́ nígbà yẹn.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, béèrè bí wọ́n á ṣe máa ya àwòrán ìbàdí rẹ̀, kí wọ́n sì yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò. Béèrè nípa wárápá náà.

N kò lè ṣèlérí bí Kẹ́hìndé ṣe máa rìn. Àwọn kan ń dá rìn, àwọn kan ń lo kẹ̀kẹ́ ìjókòó (wheelchair) títí ayé. Àkànní ń fi wọ́kà, irin tó ń dì mú, rìn, ó sì ń sọ̀rọ̀ ju gbogbo wa nínú ilé lọ. Láná ló ń béèrè ìdí tí ìbejì fi jẹ́ méjì.

Bí ẹ bá ti dé láti ọ̀dọ̀ dókítà, fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, bó ti wù kó gùn tó. Bá mi kí bàbá wọn.

Èmi ni,
Ìyá Àkànní