Ẹ Má Tètè Fọ́ọ̀màtì Kọ̀ǹpútà Oníkọ̀ǹpútà

Sí Olóòtú,

Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 tí Microsoft ti jáwọ́ nínú ìtọ́jú Windows 10, ọ̀pọ̀ ló ń gbé láptọ́ọ̀pù lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nílùú Àkúrẹ́ kí wọ́n lè bá wọn fi Windows 11 sí i. Ohun tí wọ́n sì máa ń gbọ́ ni pé, "Ẹ jẹ́ ká fọ́ọ̀màtì ẹ̀," ìyẹn ni pé kí wọ́n pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́, kí wọ́n tún fi Windows sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ gbé Windows 11 lé èyí tó wà níbẹ̀; fáìlì àti áàpù yín kò ní lọ.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ̀rọ yín ní TPM 2.0, ohun ààbò inú kọ̀ǹpútà tí Windows 11 ń béèrè: ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ R, kí ẹ kọ tpm.msc. Bí ẹ kò bá rí 2.0 níbẹ̀, ẹ wo inú BIOS (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dìde), nígbà mìíràn wọ́n kàn pa á ni. Ní ti prósẹ́sọ̀, Intel ìran kẹjọ sókè ló sábà máa ń gba Windows 11. Lẹ́yìn náà, ẹ dáńlóòdù ISO (fáìlì kan tó kó gbogbo Windows 11 sínú) láti ìkànnì Microsoft, ẹ ṣí i nígbà tí Windows ṣì wà ní títàn, kí ẹ tẹ setup. Ẹ má gba orí fláàṣì tan ẹ̀rọ náà: ọ̀nà yẹn kì í dá áàpù sí.

Tòkunbọ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Láptọ́ọ̀pù tó ti London wá sábà máa ń lo en-GB (Gẹ̀ẹ́sì ti ilẹ̀ Bìrìtìkó), bẹ́ẹ̀ ISO tí ọ̀pọ̀ ń mú jẹ́ ti Amẹ́ríkà, en-US. Bí méjèèjì kò bá bára mu, "Keep personal files and apps" kò ní ṣeé tẹ̀, oníṣẹ́ á wá ní kò sọ́nà mìíràn àfi fọ́ọ̀màtì. Ọ̀nà wà. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, ẹ kọ dism /online /get-intl, á sọ èyí tí ẹ̀rọ yín ń lò. Bó bá jẹ́ en-GB, English International ni kí ẹ mú.

Ẹ yọ áńtífáírọ́ọ̀sì tí kì í ṣe ti Windows kúrò, ẹ fi àyè bíi 30GB sílẹ̀ lórí C, kí bátìrì kún, kí ẹ sì so ó mọ́ inverter. Ẹ má gbójú lé iná ìjọba. Bí Windows 11 kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ọjọ́ 10 lẹ ní láti padà sí ti tẹ́lẹ̀, bí ẹ kò bá tíì pa Windows.old (fọ́dà tó tọ́jú Windows ti tẹ́lẹ̀) rẹ́.

Fọ́ọ̀màtì ní àyè tirẹ̀: ẹ̀rọ tí fáírọ́ọ̀sì ti jẹ, Windows oní-32-bit (irú àtijọ́ tí a kò lè gbé Windows 11 lé), tòkunbọ̀ tí ẹ kò mọ ẹni tó lò ó. Àmọ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUTA tó ń kó iṣẹ́ àṣekágbá wọn sí D má tan ara wọn. Orí dísìkì kan náà ni C àti D sábà máa ń wà. Ẹni tó bá pa gbogbo partition (ìpín) Disk 0, dísìkì inú ẹ̀rọ náà, rẹ́ ti pa D mọ́ ọn. Ẹ kó fáìlì sórí dísìkì mìíràn, ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ẹlòmíì, kí ẹ ṣí díẹ̀ nínú wọn wò kí oníṣẹ́ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gba owó kọ́kọ́rọ́ Windows lọ́wọ́ yín lẹ́yìn fọ́ọ̀màtì. Bó bá ti jẹ́ ojúlówó tẹ́lẹ̀, tí wọ́n fi Home rọ́pò Home tàbí Pro rọ́pò Pro, á dá ara rẹ̀ mọ̀ gẹ́rẹ́ tó bá ti kan íntánẹ́ẹ̀tì, torí modabọ́ọ̀dù ni àṣẹ náà so mọ́.

Òǹkàwé yín,
Alágbàká, Àkúrẹ́