Ife ẹ̀yẹ nìkan kọ́ la fi ń mọ akọ́nimọ̀ọ́gbá tó mọṣẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ti ń fara balẹ̀ ka àwọn lẹ́tà tí ẹ̀ ń tẹ̀ jáde lórí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá olókìkí inú gọ́ọ̀fù. Àwọn kan ní àwọn ọ̀gá wọ̀nyí ló ń sọ ènìyàn di aṣẹ́gun. Àwọn mìíràn yarí, wọ́n ní orúkọ lásán ni wọ́n ń tà, pé ẹni tó bá ti ní ẹ̀bùn kò nílò ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìwọ̀n kan náà ni tọ̀tún-tòsì ń lò: wọ́n á ka ife tí akẹ́kọ̀ọ́ gbà, wọ́n á sì fi ṣe ìdájọ́ olùkọ́. Ìwọ̀n yẹn kò pé rárá.

Ẹ jẹ́ ká mú Tiger Woods, torí òun ni gbogbo wa máa ń sá bá. Ọ̀dọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá Butch Harmon ló wà nígbà tó gba Masters ọdún 1997 (ọ̀kan nínú ìdíje mẹ́rin tí ife wọn ń jẹ́ ife ńlá), tí ẹni tó ṣìkejì fi ìgbà 12 gbá bọ́ọ̀lù jù ú lọ (ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù nígbà tó kéré jù ló ń borí nínú gọ́ọ̀fù), àti nígbà tó gba US Open, ìdíje ife ńlá mìíràn, ọdún 2000 ní Pebble Beach, tí àlàfo náà di 15. Wọ́n pínyà, Hank Haney gba iṣẹ́, súwíǹgì Tiger, ìyẹn bó ṣe ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù, yí padà, ife ńlá mẹ́fà mìíràn sì wọlé láàárín 2005 sí 2008. Sean Foley dé ní 2010, wọ́n sì jọ wà títí di 2014 láìsí ife ńlá kankan. Lẹ́yìn náà, nígbà tí Tiger gba Masters ọdún 2019, kò sí akọ́nimọ̀ọ́gbá súwíǹgì kankan lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá ń fi ife nìkan ka ẹni, a jẹ́ pé ẹni tí kò sí níbẹ̀ rárá sàn ju Foley lọ nìyẹn. Ta ló máa gba irú ìṣirò bẹ́ẹ̀? Ara Tiger kò le mọ́ nígbà tí Foley gbà á: orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu, iṣan ẹsẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn fún un ní 2014. Síbẹ̀ ó gba ìdíje márùn-ún ní 2013 nìkan. Ẹni tó bá pe Foley ní aláìmọ̀kan ti ṣẹ̀ ẹ́.

Àwọn tó ń gbèjà àwọn olókìkí ní ẹ̀rí kan tí mi ò lè gbójú fò, ẹ̀rí náà sì ni Nick Faldo, agbá-gọ́ọ̀fù ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Faldo ti gba ìdíje márùn-ún ní Yúróòpù lọ́dún 1983, kò sí ẹni tó lè ní kò mọ gọ́ọ̀fù gbá. Ṣùgbọ́n ó rí i pé súwíǹgì òun máa ń já òun kulẹ̀ nígbà tí ọ̀ràn bá le, ló bá tọ akọ́nimọ̀ọ́gbá David Leadbetter lọ, ó ní kó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ kó sì tún un tò. Nǹkan bí ọdún méjì ni ìyà fi jẹ ẹ́. Ó ń padà sẹ́yìn, àwọn èèyàn ń sọ pé ó ti ba ayé ara rẹ̀ jẹ́, òun náà sì ń gbá bọ́ọ̀lù lójoojúmọ́ títí ọwọ́ fi ń dùn ún. Nígbà tó di ọdún 1987, ní Muirfield, ó gbá par (iye ìgbà tí a retí kí ọ̀jáfáfá fi gbá bọ́ọ̀lù wọ ihò) ní gbogbo ihò 18 lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ó sì gba Open, ìdíje ife ńlá ti ilẹ̀ Britain. Ife ńlá márùn-ún mìíràn tẹ̀ lé e, èyí tó kẹ́yìn ní Masters ọdún 1996. Mo gbà tọwọ́tẹsẹ̀ pé iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ṣẹlẹ̀: nígbà tí Faldo lọ bá Leadbetter, orúkọ Leadbetter kò tíì kárí ayé. Àwọn ife Faldo gan-an ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká. Iṣẹ́ ló ṣáájú, òkìkí ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń wá òkìkí kó tó wo iṣẹ́ ń ti ẹ̀yìn wọlé.

Ìdàkejì rẹ̀ náà wà, ó sì máa ń bà mí nínú jẹ́ nígbàkúùgbà tí mo bá rántí rẹ̀. Ian Baker-Finch gba Open ní Royal Birkdale ní 1991. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í tún súwíǹgì rẹ̀ ṣe, ó ń wá bí bọ́ọ̀lù yóò ṣe jìnnà sí i. Ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn ife náà, ní Royal Troon, ó gbá bọ́ọ̀lù nígbà 92 lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú Open, iye tó burú jáì fún ẹni tó ti gba ife náà rí, ó sì fi ìdíje náà sílẹ̀. Àtúnṣe kì í ṣe oògùn tó ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo ara.

Ìwọ̀n tí èmi ń lò wá látinú òfin eré náà fúnra rẹ̀. Òfin 10.2 kò gbà kí ẹni tó ń díje fún ara rẹ̀ tọrọ ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nígbà tí ayò bá ti bẹ̀rẹ̀, àfi lọ́wọ́ kádì rẹ̀, ìyẹn ẹni tó ń bá a gbé àpò ọ̀pá. Akọ́nimọ̀ọ́gbá lè dúró lẹ́yìn okùn, kí ojú rẹ̀ rí àṣìṣe náà kedere, kò gbọdọ̀ là á lóye. Nítorí náà, nígbà tí bọ́ọ̀lù bá bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́tùn-ún ní ihò kejìlá, ṣé akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tó fà á? Ṣé ó lè tún un ṣe kó tó dé ihò kẹtàlá? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ olùkọ́ ti ń hàn, ì báà gbajúmọ̀, ì báà má gbajúmọ̀.

Bí a bá fi èyí wò ó, àwọn tí kì í pariwo ló máa ń yọrí. Jack Grout bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Jack Nicklaus ní Ohio ní 1950, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 10. Kò tẹ̀ lé e kiri ìdíje. Ohun tó ń wá ni kí ọmọ náà lè tún ara rẹ̀ ṣe. Lọ́dọọdún, kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, Nicklaus á padà sọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ láti orí bí a ṣe ń di ọ̀pá mú àti bí a ṣe ń dúró. Ẹni tó gba ife ńlá 18 nìyẹn o! Randy Smith ti ń kọ́ Scottie Scheffler láti kékeré, ẹsẹ̀ ọmọ náà sì ń yọ̀ lórí ilẹ̀ lọ́nà tí ìwé ìkọ́ni kankan kò ní gbà, ṣùgbọ́n Smith kò gé e kúrò. Michael Bannon ti ń kọ́ Rory McIlroy láti ìgbà èwe; Rory kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ní 2021, ṣùgbọ́n ó padà, Bannon ló sì wà pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tó gba Masters ọdún 2025 tó parí ìdíje ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún un. Bàbá Jim Furyk ló kọ́ ọ ní súwíǹgì tó lọ́ bí ejò yẹn, Jim náà ló sì gbá bọ́ọ̀lù nígbà 58 péré lọ́jọ́ kan ní 2016.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń sọ pé akọ́nimọ̀ọ́gbá kò wúlò, tí ẹ sì ń fi Bubba Watson gún wa lójú, mo gbọ́. Òótọ́ ni pé kò gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó sì gba Masters lẹ́ẹ̀mejì. Ẹyọ kan ni Bubba. Ọ̀pọ̀ wa ni bọ́ọ̀lù wa ti ń yà sí ibi kan náà láti ọdún pípẹ́, tí a kò sì mọ ìdí rẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹ kò tíì mẹ́nu bà. Òkìkí kì í dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ àṣìṣe. Ọ̀pọ̀ olùkọ́, àti àgbà àti kékeré, ló ń kọ́ni fún ìgbà pípẹ́ pé ipa ọ̀nà tí ọ̀pá ń gbà ló ń pinnu ibi tí bọ́ọ̀lù máa kọ́kọ́ forí lé. Nígbà tí ẹ̀rọ rédà bíi TrackMan dé, ó hàn pé ibi tí ojú ọ̀pá kọ sí ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó ti ń fi ẹ̀kọ́ àtijọ́ tún ara rẹ̀ ṣe ti lè máa dá kún ìṣòro rẹ̀.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Bí ẹ bá tún fẹ́ gbé ìmọ̀ràn akọ́nimọ̀ọ́gbá olókìkí kan jáde, ẹ má ṣe jẹ́ kó kan ka orúkọ àwọn àgbà agbá-gọ́ọ̀fù tó ti kọ́ fún wa. Ẹ bi í léèrè nípa akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀: báwo ló ṣe ń gbá nígbà tó dé, báwo ló ṣe ń gbá nísinsìnyí, ìgbà wo ló sì ti lè máa tún súwíǹgì ara rẹ̀ ṣe láìpè é? Kí ẹ sì tẹ ìdáhùn rẹ̀ jáde bó ṣe sọ ọ́.

Èmi ni òǹkàwé yín tòótọ́,
Olólùfẹ́ gọ́ọ̀fù kan