Àbẹ̀kẹ́, kẹ́ ẹ tó lọ wo ilé àwọn Maya

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ vóòsì nóòtì ẹ. Ó dáa bí ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ ṣe ní ẹ ò ní jókòó sétí òkun Cancún nìkan ní họ́lídè Kérésì yìí, pé ẹ fẹ́ dé Chichén Itzá àti Tulum, àwọn ìlú àtijọ́ tí àwọn Maya kọ́ sí Mẹ́síkò níbẹ̀, bóyá kẹ́ ẹ tún sọdá sí Guatemala lọ wo Tikal, ìlú wọn mìíràn. Mi ò ní kó o má lọ o. Dádì yín ni wọ́n ń bínú díẹ̀ pé kí ló dé tó ò wálé, mo ti bá wọn sọ ọ́, wọ́n ti rọlẹ̀. Àmọ́ àwọn nǹkan kan wà lọ́kàn mi, mo sì mọ̀ pé tí n bá pè ẹ́ wàá ní "Mọ́mì mo wà níbi iṣẹ́", ló jẹ́ kí n jókòó kọ ọ́.

Ilé onílé lẹ̀ ń lọ. Gbogbo fídíò tí wọ́n ń gbé kiri pé àwọn Maya pòórá, pé kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n wọlẹ̀ sí, irọ́ ni. Àwọn ìlú ńlá wọn kan bíi Tikal ló dahoro ní nǹkan bí ọdún 900, ọ̀dá òjò wà níbẹ̀, ogun láàárín àwọn ọba wọn wà níbẹ̀, àwọn èèyàn wá kó lọ síbòmíì. Ọmọ wọn ò tán láyé, mílíọ̀nù wọn ló ṣì wà ní Mẹ́síkò àti Guatemala tí wọ́n ń sọ èdè wọn dòní. Rigoberta Menchú tó gba ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà lọ́dún 1992, ọmọ Maya ni. Ìyá tó máa ta oúnjẹ fún yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹni tó máa wa bọ́ọ̀sì yín, ó lè jẹ́ baba ńlá wọn ló gbé òkúta tí wọ́n fi kọ́ àwọn ìlú yẹn. Kí wọn kó o tó béèrè ọjà, má sì ná an débi tí wọn ò ní rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀.

Àti pé jọ̀ọ́, tí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ pé àwọn ará ojú sánmà ló wá kọ́ àwọn pírámíìdì òkúta ibẹ̀, má bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti sọ irú ẹ̀ sí àwa náà rí. Nígbà tí Leo Frobenius, òyìnbó Jámánì, wá sí Ilé-Ifẹ̀ níbí lọ́dún 1910, tó rí iṣẹ́ amọ̀ àti idẹ tó wà níbẹ̀, kò gbà pé ọwọ́ wa ló ṣe é, ó ní àwọn Gíríìkì àtijọ́, àwọn ará Atlantis, ìlú inú àlọ́ tí wọ́n ní òkun gbé mì, ló gbọ́dọ̀ ti dé ibí. Títí di ìsìnyí tí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yẹn inú máa ń bí mi. Torí náà fi ojú ara ẹ wo ohun tí àwọn Maya ṣe. Pírámíìdì Kukulcán tó wà ní Chichén Itzá ní àtẹ̀gùn 91 lọ́nà mẹ́rin, tó o bá ro ibi tó tẹ́jú lókè mọ́ ọn ó di 365, iye ọjọ́ ọdún. Ní March àti September, tí ọ̀sán àti òru bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, òjìji oòrùn á máa sọ̀ kalẹ̀ lára ẹ̀ bí ejò. Ogún-ogún ni wọ́n ń ka nǹkan, bí àwa náà ṣe ń ka ogójì, ọgọ́ta, ọgọ́rin, wọ́n sì ní àmì òdo. Wọ́n kọ ìwé fúnra wọn, àlùfáà Diego de Landa ló dáná sun púpọ̀ nínú ìwé yẹn ní Maní lọ́dún 1562, mẹ́rin péré ló ṣẹ́ kù tí ayé mọ̀ lónìí.

Má gun pírámíìdì Kukulcán yẹn o! Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fòfin dè é. Lọ́dún 2022 obìnrin kan sáré gùn ún, nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ àwọn èrò ń hó lé e lórí, wọ́n ń da omi sí i lára, fídíò ẹ̀ kárí ayé. Mi ò fẹ́ kí n rí ojú ọmọ mi nínú irú fídíò bẹ́ẹ̀. Ti Tikal yàtọ̀, wọ́n ṣe àtẹ̀gùn igi sí Tẹ́ńpìlì kẹrin, ìyẹn ẹ lè gùn, ẹ rọra gùn ún.

Má ṣa nǹkan kan nílẹ̀ níbẹ̀, ì báà jẹ́ àfọ́kù ìkòkò. Òfin Mẹ́síkò ti ọdún 1972 sọ pé ti orílẹ̀-èdè ni. Kọ́ńsù Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Edward Thompson ra ilẹ̀ tí Chichén Itzá wà lórí ẹ̀, láti 1904 ló ti ń fi ẹ̀rọ wa ìsàlẹ̀ Kòtò Mímọ́, kòtò olómi ńlá tó wà níbẹ̀, tó ń kó ẹrù àwọn èèyàn yẹn ránṣẹ́ sí mùsíọ́ọ̀mù Peabody ní Harvard, díẹ̀ ló ti padà. Ìwọ tó o mọ̀ pé ọ̀kan lára orí idẹ tí wọ́n hú ní Ifẹ̀ lọ́dún 1938 ṣì wà ní British Museum, o ò gbọ́dọ̀ ṣe irú ẹ̀ sí ẹlòmíì. Ibi ìrúbọ ni Kòtò Mímọ́ yẹn, egungun èèyàn wà nínú ohun tí wọ́n kó jáde níbẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Àwọn cenote, ìyẹn kòtò olómi tí wọ́n ń wẹ̀ nínú ẹ̀, ló ń kó mi láyà sókè jù. Apá ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní odò lórí ilẹ̀, òkúta ẹfun ni ilẹ̀ wọn, abẹ́ ni omi ń gbà, ibi tí òkúta bá ti já lulẹ̀ ni kòtò ń ṣí sí. Èyí tí wọ́n ń pè ní Ik Kil, lẹ́bàá Chichén Itzá, jìn gan-an. O ò mọ odò wẹ̀ dáadáa, Àbẹ̀kẹ́, kì í ṣe ibẹ̀ lo máa ti kọ́ ọ. Wọ life jacket, kí wọ́n máa pè ẹ́ ní ojo. Kó o sì ṣan ìpara ara ẹ kúrò kó o tó wọlé, omi abẹ́ ilẹ̀ yẹn náà làwọn èèyàn ibẹ̀ ń lò. Ní Tulum, tẹ́ ẹ bá rí àsíá pupa létí òkun, ẹ má wọ omi rárá.

Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lo mú dání, green card ẹ ló máa jẹ́ kí Mẹ́síkò gbà ẹ́ wọlé láìgba físà wọn, òun náà lo máa fi padà sí Houston, má fi sínú ẹrù abẹ́ ọkọ̀. Ti Guatemala, ẹ bi ẹ́ńbásì wọn kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ kan. Ẹ jọ lọ, ẹ jọ bọ̀, tí ọ̀kan bá ní ó ti rẹ òun kí ẹnì kan bá a padà sí òtẹ́ẹ̀lì, kò sí pé a máa pàdé lọ́la. Ọ̀rọ̀ owó, ẹ sọ ọ́ ní Houston kẹ́ ẹ tó gbéra, mo ti rí ọ̀rẹ́ tó túká lórí owó oúnjẹ.

Ẹ jẹun ibẹ̀ o. Ata habanero wọn bá ata rodo wa tan, kò ní ṣe ẹ́ ní nǹkan kan. Àgbàdo tá a fi ń ṣe ògì, Mẹ́síkò ló ti wá. Kòkó náà, àwọn Maya ti ń mu ún kí òyìnbó tó mọ̀ ọ́n, owó kòkó sì ni bàbá àgbà fi rán dádì yín níwèé. Tó o bá rí i níbi tí wọ́n ti ń pò ó bíi ti àtijọ́, mu ún, kó o wá ròyìn fún wọn bó ṣe rí lẹ́nu, ìyẹn máa dùn mọ́ wọn ju ẹ̀bùn èyíkéyìí lọ.

Tẹ́ ẹ bá ti balẹ̀ ní Cancún, pè mí. Aago mẹ́jọ alẹ́ ibẹ̀ ti di méjì òru níbí, má torí ìyẹn sọ pé ó di àárọ̀. Kó tó di Friday, fi orúkọ òtẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ máa sùn ní ìlú kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi, àti nọ́ńbà méjì nínú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ, kì í ṣe ẹyọ kan o.

Mọ́mì ẹ.